Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀: Àwa àti Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ó tó di orúkọ ọjà, orúkọ ènìyàn ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ wá gbé wálé, ni à ń pè ní Tòkunbọ̀. Nígbà tó yá, mọ́tò tó ti ìlú òyìnbó dé di tòkunbọ̀, fíríìjì di tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká náà sì di tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti òkun bọ̀, ìyá rẹ̀ mọ ọjọ́ tó bí i, ó sì mọ àìsàn tó ti ṣe é rí. Kọ̀ǹpútà tó ti òkun bọ̀, ta ló mọ ìtàn rẹ̀?

Bí ẹ bá wọ kíláàsì wa, oríṣi mẹ́ta ló pọ̀ jù lórí tábìlì: Latitude ti Dell, EliteBook ti HP, àti ThinkPad ti Lenovo. Agbára káká ni ẹ fi máa rí ẹyọ kan tí wọ́n rà ní tuntun. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni gbogbo wọn. Àwọn báǹkì, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńláńlá nílùú òyìnbó ló máa ń kọ́kọ́ rà wọ́n rẹpẹtẹ. Wọ́n á lò wọ́n fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á fi tuntun pààrọ̀ wọn, àwọn alágbàtà á sì kó àlòkù náà. Bí wọ́n ṣe ń dé Èkó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba Computer Village ní Ìkẹjà kọjá, àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Ìlọrin àti Adó-Èkìtì á sì lọ kó tiwọn níbẹ̀.

Ìdí tí a fi fẹ́ràn wọn kò ṣòro mọ̀. Owó tí ẹ máa fi ra kọ̀ǹpútà tuntun onípọ́ọ́kú, tó jẹ́ ike lásán, lè ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ le koko. Kíbọ́ọ̀dù wọn tẹ́ni lọ́rùn, ìyẹn ò sì kéré fún àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ẹ tó tẹ "ọ̀gẹ̀dẹ̀" tán, ìka yín á ti kan bọ́tìnnì bí ìgbà mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ṣeé tú: ẹ lè fi kún RAM rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Orúkọ sì tún wà ńbẹ̀. Láti 1992 ni IBM ti gbé ThinkPad jáde, kí Lenovo tó ra ẹ̀ka náà lọ́wọ́ wọn ní 2005. Tí oníṣòwò bá fẹ́ ta ọ̀kan fún yín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní, "Àbúrò, bísínẹ́ẹ̀sì ni o. Kì í kú."

"Kì í kú" yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wọ̀nyí máa ń polówó pé ọjà àwọn yege ìdánwò MIL-STD-810, ìyẹn ìlànà tí ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún dídán ohun èlò wò. Wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á mì ín jìgìjìgì, wọ́n á fi í sínú ooru, òtútù àti eruku. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo ni wọ́n jù sílẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń mú díẹ̀ nínú irú kọ̀ǹpútà kan, tó ń dán an wò fúnra rẹ̀, tàbí tó ń gbé e fún àwọn tó ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀gágun kankan tó ń buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ tó yege yẹn kọ́ ló wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, a sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà kì í ní ìlera kan náà.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọ̀nà tí inú fi máa ń run kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀, ìtàn tó ti ṣẹlẹ̀ sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni pé ẹni tó ta ohun èlò fún ilé iṣẹ́ náà ló kó àìsàn wọlé. Ní oṣù Kẹjọ 2006, Dell pe bátìrì mílíọ̀nù 4.1 padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Lenovo àti IBM pe bátìrì ThinkPad 526,000 padà, lẹ́yìn tí ọ̀kan gbiná ní pápákọ̀ òfuurufú Los Angeles. Sony ló ṣe ohun tó wà nínú bátìrì àwọn méjèèjì. Èérún irin tíntìntín ló bọ́ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sá fún Dell lọ bá ThinkPad lọ́dún yẹn, ilé kan náà ló padà sí.

Ọ̀nà kejì ni pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kò lágbára tó. Ní oṣù Keje 2008, ilé iṣẹ́ Nvidia, tó ń ṣe ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kéde pé ohun tí àwọn fi de irú kan nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń bàjẹ́. Gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ ló ń mú kó lanu. Latitude D630 wà lára àwọn tó fara gbá a, ThinkPad T61 náà sì wà níbẹ̀. Èyí ò dà bí ti èérún irin tó bọ́ síbi tí kò yẹ. Inú ìran náà ni àìsàn wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kàn ń retí ọjọ́ tirẹ̀ ni.

Ọ̀nà kẹta ni ọwọ́ ẹni tó ń tò ó. Ní oṣù Kejì 2018, Lenovo pe ThinkPad X1 Carbon ìran karùn-ún padà, bí 78,000 ní Amẹ́ríkà àti 5,500 ní Kánádà. Síkúrù kan ṣoṣo ló fà á. Nínú àwọn kan tí wọ́n ṣe láti oṣù Kejìlá 2016 sí oṣù Kẹwàá 2017, ó ṣeé ṣe kí síkúrù kan wà nínú rẹ̀ tí wọn ò dè tó. Tó bá yọ, ó lè gún bátìrì, iná sì lè sọ. Ẹ fojú inú wo kọ̀ǹpútà olówó gegere tí àwọn ọ̀gá ń gbé wọ ìpàdé, kí síkúrù kan máa rìn kiri nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin kò ṣeé fojú rí. Ètò tó ń darí ihò USB-C nínú ọ̀pọ̀ ThinkPad tó jáde láàárín 2017 sí 2019 ní àbùkù, débi pé ihò náà lè kú pátápátá. T480 wà lára wọn, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń lò ó títí di òní. Lenovo gbé àtúnṣe jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ló máa fi àtúnṣe náà sí i. Bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó kò bá fi sí i, bí alágbàtà kò bá fi sí i, ó ti di ẹrù ẹni tó rà á gbẹ̀yìn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ náà kò sá fún ọ̀rọ̀ wọn tán. Wọ́n kéde, wọ́n pààrọ̀ bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi kún ọjọ́ wọ́ráǹtì. Àmọ́ ta ni wọ́n kọ lẹ́tà sí? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn ni, ìyẹn ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ rà á. Kọ̀ǹpútà wọ ọkọ̀ ojú omi, lẹ́tà ò bá a wọ̀ ọ́. Wọ́ráǹtì ọdún mẹ́ta sì ti sábà máa ń parí kí ọjà náà tó dé Èkó. Apá tó dára jù nínú ohun tí ó mú kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọ́n, ìyẹn ni pé ẹnìkan wà tí yóò dáhùn tó bá bàjẹ́, kì í sọdá òkun.

Kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, láti orí tẹlifíṣọ̀n títí dé fíríìjì. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò, ó kéré tán 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí yóò kú lọ́la kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí tiwa. Mẹ́ta nínú wa jọ ra kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, irú kan náà. A ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, a ò sì ní dárúkọ irú kọ̀ǹpútà náà, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ọdún kan. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè mọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e jáde. Ó ń lo wákàtí mẹ́rin láìsí iná NẸ́PÀ.

Èkejì, Jámánì ló ti wá. Lórí kíbọ́ọ̀dù tiwọn, ibi tí a fi Y sí ni wọ́n fi Z sí. Ẹni tó tà á ti lẹ sítíkà bo gbogbo bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ ṣì ń sọ èdè Jámánì. A tẹ orúkọ ẹ̀ka wa, "Zorùbá" ló gbé jáde. A rẹ́rìn-ín títí. Ìyẹn rọrùn, ètò la yí padà. Èyí tí kò rọrùn ni bátìrì tó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi ní oṣù kejì, tó ti ibi tí à ń fọwọ́ rá sókè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń fi kọ̀ǹpútà sójú iná tọ̀sán tòru fún ọdún gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì irú èyí kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ kí ó kún nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. A lọ sí ìlú kan ní Òkè-Ògùn nítorí àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì sun ẹkún ìyàwó fún wa. Fóònù tí a fi gba ohùn wọn ti kún. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an la kó o sórí kọ̀ǹpútà, a sì ń dà á sórí fláàṣì láti ibẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú. Kò jí mọ́. Nígbà tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u, ó ní ibi ìpamọ́ inú rẹ̀, SSD, kì í ṣe èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ẹnìkan ti yọ ojúlówó lójú ọ̀nà, ó sì fi òmíràn tí kò ní orúkọ kankan lára dípò rẹ̀. Kò rí ohunkóhun yọ nínú rẹ̀.

A padà lọ. Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ mi níjọ́sí ni?" Àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un sun. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé apohùn kì í wí ohùn rẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, wọ́n ti ki ìyá tó bí wọn dé ìran kẹta, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò yà síbẹ̀ rárá. Báwo la ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé kí wọ́n padà lọ sun ibi tí wọ́n fò? Oríkì ìran kẹta yẹn kò sí nínú àpilẹ̀kọ wa. Kò sì sí níbòmíràn tí a mọ̀.

A gbé kọ̀ǹpútà náà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n tó tà á fún wa ò bá wa jà. Ó nawọ́ sí bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí ẹ bá ti gbé jáde kò ní àdápadà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe rà á ni mo ṣe tà á. Èmi náà ò tú u wò." A gbà á gbọ́. Ẹni tó tà á fún òun náà á wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó kó o wọ Èkó náà á wí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mélòó ló ti kọjá, kí ẹnikẹ́ni má sì fi wákàtí kan péré yẹ inú rẹ̀ wò? Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wọ́n fi ń tà á, nígbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí orúkọ náà.

Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyí: orúkọ jẹ́ ti ìdílé, ìlera jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní irú kọ̀ǹpútà kan dára, òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ìdílé. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹyọ tó wà níwájú yín. Lórí ọjà tòkunbọ̀, ẹni tó rà á gbẹ̀yìn ni aláyẹ̀wò ojúlówó. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wákàtí kan jókòó tì í.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ṣí BIOS, kí ẹ wò ó bóyá ó bá èyí tó wà níbẹ̀ mu. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ máa rí ọdún tí wọ́ráǹtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè mọ̀ bóyá wọ́n ti pe irú rẹ̀ padà rí. Tí BIOS bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, tàbí tí orúkọ ilé iṣẹ́ òkèèrè kan bá jáde nígbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Windows, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ó ṣì ní olúwa.

Lẹ́yìn náà, bátìrì. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé kan á jáde. Ẹ wo iye tí bátìrì náà ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Tó bá jẹ́ 50,000 tẹ́lẹ̀ tó wá di 20,000, kò ku ìdajì mọ́. Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tí à ń fọwọ́ rá náà wò. Tó bá ti gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bátìrì ń wú nísàlẹ̀.

Ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí fláàṣì lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa fi orúkọ ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ hàn yín, bí ara rẹ̀ ṣe le sí, àti wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Tí orúkọ tí ẹ rí bá jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kì í ṣe A, B, D nìkan. Ẹ tẹ gbólóhùn Yorùbá kan tó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, torí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe nìyẹn. Ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ihò. Ẹ ṣí ojú rẹ̀, kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa tẹ́tí sí hínjì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe fídíò ní gbogbo àsìkò yìí, kí ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ nígbà tí wákàtí bá pé. Oníṣòwò tó bá kọ̀ kí ẹ ṣe èyí ti dáhùn ìbéèrè yín.

A ti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà pé kí a gbé tábìlì kan síta ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí àwọn tuntun bá wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ oníṣòwò kó jẹ́ kí ẹ gbé e wá, tàbí kí ọ̀kan nínú wa tẹ̀ lé yín lọ. A ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lókè òkun, a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ọ̀pọ̀ yín ló ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, ẹ kú ìnáwó o. Kí ẹ tó dì í, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí wọ́n bá ti pe irú rẹ̀ padà, ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni wọ́n ti lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti pẹ́ jù. Kí ẹ sì kọ bébà kékeré kan tì í: ọdún tí ẹ rà á, ohun tí ẹ ti pààrọ̀ nínú rẹ̀, bí bátìrì ṣe rí.

Ní ti màmá wa ní Òkè-Ògùn, a ó tún lọ kí wọn lẹ́yìn ìdánwò. A ò ní béèrè ìran kẹta lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹkún bá gbé wọn débẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ méjì ló máa wà níwájú wọn.